Ẹ Dá Bọ́ọ̀lù Padà fún Ilé-Ẹ̀kọ́

Nígbà tí oṣù kẹjọ bá dé, tí iṣu tuntun ti wọ ọjà, tí àwọn ọmọ ilẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, ní Parakou àti ní ẹ̀yìn odi ti wálé, díẹ̀ ni ìletò, láti Manigri dé Pénéssoulou, tí kì í ní ìdíje bọ́ọ̀lù tirẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ á máa dán lórí tábìlì, gbohùngbohùn á máa ké, ènìyàn pàtàkì kan á dìde, á sì sọ gbólóhùn tí gbogbo wa ti mọ̀ sórí: pé nítorí àwọn ọ̀dọ́ ni òun ṣe gbé ìdíje yìí kalẹ̀, pé bọ́ọ̀lù ni ọjọ́ ọ̀la wọn. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Àwa olùkọ́ tó jókòó lẹ́yìn á máa ka iye ọmọ kíláàsì wa tó wà lórí pápá, a ó sì máa ṣírò iye tí yóò padà wá ní oṣù kẹsàn-án.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́. Ìdíje ìgbà ìsinmi ti gba bọ́ọ̀lù mọ́ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Ó gba owó, ó gba pápá, ó gba ojú àwọn ará ìlú, ó sì gba àwọn ọmọ pàápàá. Bẹ́ẹ̀, bọ́ọ̀lù tí kò ní ilé-ẹ̀kọ́ lẹ́yìn kò ní gbòǹgbò: ẹni tó ń náwó sí i lónìí lè mọ́wọ́ kúrò lọ́la, gbogbo rẹ̀ yóò sì tú ká. Ẹgbẹ́ àṣà bíi tiwa, tó máa ń dá owó ife-ẹ̀yẹ jọ, kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun.

Nínú èdè Faransé tí a fi ń kọ́ni, «collège» ni ilé-ẹ̀kọ́ tí ọmọ ń wọ̀ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí CEG. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń pe yunifásítì. Nígbà tí àwọn ọmọ wa bá rí àwòrán bọ́ọ̀lù «college» ti Amẹ́ríkà lórí fóònù, tí wọ́n rí i pé èrò kún pápá fọ́fọ́, wọ́n máa ń bi wá bóyá ọmọ CEG ni wọ́n ní ibẹ̀. Ẹ̀rín máa ń pa wá, àmọ́ ìbéèrè náà kì í ṣe ti òmùgọ̀. Ohun tí ọmọ náà fẹ́ mọ̀ ni bí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe lè ní ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ìlú ń torí rẹ̀ pa ọjà dé.

Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ State College. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tó nǹkan bí 40,000. Pápá yunifásítì wọn gba ènìyàn tó ju 106,000 lọ. Lóòótọ́, bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e ju bí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ gbá a lọ. A kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe àwòkọ wọn. Owó wọ inú eré náà débi pé àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gba owó rẹpẹtẹ, nígbà tí òfin kò jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń sáré, tó ń ṣubú, tó ń ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, fi orúkọ ara wọn pa kọ́bọ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ìdè yẹn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí a ronú lé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù náà, kì í ṣe ọlọ́lá kan. Ọ̀gá ń lọ, ọ̀gá ń bọ̀, ọmọ ń wọlé, ọmọ ń gboyè jáde, aṣọ ẹgbẹ́ náà kò yí padà. Bàbá àgbà tó jókòó ní ìjókòó rẹ̀ lónìí ti jókòó síbẹ̀ nígbà tí ó wà ní akẹ́kọ̀ọ́.

Àwọn àgbà wa ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ìdíje ìgbà ìsinmi máa ń ní aṣọ tuntun lọ́dọọdún, àwòrán ẹnìkan sì lè wà lẹ́yìn aṣọ náà bí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Àkísà ni kò ní. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni ní Manigri pé ẹgbẹ́ wo ló gba ife ní ọdún márùn-ún sẹ́yìn, kí ẹ sì béèrè orúkọ ẹni tó gbé ife náà kalẹ̀. Wọ́n á rántí ẹni tó gbé e kalẹ̀. Ohun tí ẹni náà fi owó rẹ̀ rà gan-an nìyẹn, ọjà náà sì tà fún un.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí nǹkan ṣe ń lọ lórí pápá. Àdúgbò tàbí abúlé ni wọ́n fi ń pín ẹgbẹ́. Èyí ni pé ọmọ Manigri á kọjú ìjà sí ọmọ Bassila, ọmọ Nàgó á kọjú ìjà sí ọmọ Aníì, àwọn tí wọ́n jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti oṣù kẹsàn-án títí di oṣù kẹfà. Bí eré bá gbóná, tí ọ̀rọ̀ di gbé-e-sílẹ̀-kí-o-gbá-a, èébú tí a ń gbọ́ lẹ́bàá pápá kì í ṣe ti bọ́ọ̀lù mọ́: èdè àti ìran ni wọ́n fi ń bú ara wọn. Kọmúùnù Bassila, tí ìkànìyàn ọdún 2013 fi hàn pé ó ní nǹkan bí 130,000 ènìyàn, kì í ṣe ti ìran kan ṣoṣo. Aníì, Nàgó, Kótókólí, Fúlàní àti àwọn mìíràn ló jọ ni ín. Ilé-ẹ̀kọ́ nìkan la mọ̀ tó lè kó gbogbo wọn sínú aṣọ aláwọ̀ kan. Nígbà tí ẹgbẹ́ CEG kan láti ọ̀dọ̀ wa bá lọ kojú ti Djougou tàbí ti Bantè, ọmọ Aníì á gbá bọ́ọ̀lù fún ọmọ Nàgó, ọmọ Kótókólí á fi orí kàn án wọlé, gbogbo wọn á sì jọ kọrin wálé nínú ọkọ̀. A kò tíì rí ìpàdé àlàáfíà kankan tí ìjọba tàbí àjọ aláàánú pè tó ṣe ju ìyẹn lọ.

A mọ ohun tí ẹlòmíràn nínú ẹgbẹ́ yóò sọ: pé ẹgbẹ́ àṣà Yorùbá ni wá, àti pé kí Manigri borí ló kàn wá. Ẹ̀yin ará, èdè wa wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ tí kì í ṣe ọmọ Nàgó ní kọmúùnù yìí, nítorí pé ní ọjà, ní oko kajú àti lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Bí a bá sọ èdè náà di ohun tí a fi ń bú ènìyàn ní oṣù kẹjọ, ta ni yóò tún fẹ́ sọ ọ́ ní oṣù kẹsàn-án?

Lẹ́yìn èyí ni ti àwọn alágbàṣe. Olówó tó fẹ́ kí àdúgbò rẹ̀ gba ife kì í ní sùúrù láti kọ́ ọmọ àdúgbò náà. Á ránṣẹ́ pe agbábọ́ọ̀lù láti Djougou tàbí Parakou, nígbà mìíràn láti òdìkejì ààlà ní Togo, á fún un ní owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ. Ọmọ ilé á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá máa wòran. A ń pe èyí ní ìdíje àwọn ọ̀dọ́ wa. Ti àwọn ọmọbìnrin kò tilẹ̀ yẹ ní sísọ: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń fún wọn, ní ọ̀sán gangan, ṣáájú àṣekágbá, kí àwọn àlejò pàtàkì tó dé.

Èyí tó bí wa nínú jù ni ti àwọn tó ń pe ara wọn ní aṣojú agbábọ́ọ̀lù. Wọ́n máa ń dúró sí ìdí igi, wọ́n á máa kọ orúkọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní kíláàsì quatrième, tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì, á gbọ́ pé ibùdó kan wà ní Kútọnu tàbí ní ìlú òkèèrè tó ń dúró dè é. Àwọn òbí á ta àpò kajú mélòó kan. Ẹ jẹ́ kí gbogbo òbí tó ń ka ìwé ìròyìn yìí, tàbí tí ọmọ wọn ń kà á fún, mọ èyí: òfin FIFA sọ pé a kò gbọdọ̀ gbé agbábọ́ọ̀lù tí kò tíì pé ọmọ ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn, àfi ní àwọn ọ̀nà díẹ̀ tí òfin náà yà sọ́tọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ fún yín pé òun yóò mú ọmọ ọdún 15 lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Yúróòpù, irọ́ ló ń pa tàbí òfin ló fẹ́ rú. Kò sí ẹ̀kẹta tó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ ta kajú. A ti rí àwọn tó padà wálé ní ọmọ ogún ọdún, tí orúnkún ń dùn wọ́n, tí wọn kò ní BEPC. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n gba ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kọjá.

Bí a bá sọ báyìí tán, ohùn méjì ni yóò dá wa lóhùn. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ ti àwọn òbí kan, àti ti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan pẹ̀lú: pé bọ́ọ̀lù ló ń ba ìwé jẹ́, kí a kúkú lé e kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ pátápátá. Èkejì jẹ́ ti àwọn tó wà ní ìdí igi: pé ìwé kò bọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, kí ọmọ tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá ju ìwé nù kó tètè máa lọ. Àwọn méjèèjì rò pé àwọn ń bá ara wọn jà, bẹ́ẹ̀ ohun kan náà ni wọ́n ń wí: pé ìwé àti bọ́ọ̀lù kò lè jọ gbé inú ọmọ kan. Olùkọ́ tó bá gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ ọmọ troisième, aṣojú ló ń ti ọmọ náà sí lọ́wọ́. Ọmọ náà kò ní fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ ni yóò fi sílẹ̀.

Orúkọ tí àwọn ará ìdí igi máa ń kọ́kọ́ pè ni ti Steve Mounié. Wọ́n á ní Parakou ni wọ́n bí i, ẹ wo ibi tó dé. Òótọ́ ni, Parakou ni wọ́n bí i ní 1994. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ọmọdé ló jẹ́ nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ti Montpellier ló kọ́ ọ títí tó fi di ọ̀gá. Ìdíje oṣù kẹjọ kọ́ ló gbé e dìde. Nígbà tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè wa lé Mòrókò kúrò nínú ìdíje ife Áfíríkà ní Káírò, ní ọjọ́ 5 oṣù keje 2019, inú wa dùn bíi ti gbogbo ènìyàn. (Ọ̀kẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣì ń pè wọ́n nígbà náà. Ní 2022 ni wọ́n sọ wọ́n di Guépards. Ẹ má bi wá bóyá ẹkùn ni kí a pè é ní Yorùbá tàbí àmọ̀tẹ́kùn, àríyànjiyàn náà kò tíì parí ní yàrá àwọn olùkọ́.) Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣojú fún, ẹ̀yìn odi ni wọ́n wà. Ẹni tó bá fẹ́ fi ayọ̀ ọjọ́ náà ṣe ẹ̀rí pé ìwé kò wúlò fún ọmọ Bassila, kó wá ẹ̀rí mìíràn.

Ní tiwa, ẹ̀rí wà lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wa tó wà ní òdìkejì ààlà. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta 1980, ní Èkó, Nàìjíríà na Àlìjíríà ní àmì ayò mẹ́ta sí òdo, ó sì gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tó gba méjì nínú mẹ́ta náà wọlé ni Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí. Ìmọ̀ ẹ̀rọ ló kọ́ ní Pólì Ìbàdàn, àwọn ènìyàn sì ń pè é ní «Mathematical». Adokiye Amiesimaka, tó ń sá eré ní ẹ̀gbẹ́ kejì pápá, kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Èkó. Nígbà tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó di kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Henry Nwosu tó wà nínú ikọ̀ kan náà kò tíì pé ọmọ ọdún 17. Kí a má baà ṣe ojúsàájú, ẹ jẹ́ kí a fi kún un pé Múdà Lawal, tó gba ẹ̀kẹta wọlé, kò ní ìwé yunifásítì. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń ṣe kí bọ́ọ̀lù tó gbé e dìde. Iṣẹ́ ọwọ́ ló wà lẹ́yìn tirẹ̀. Kò sí ẹni tó gba ẹsẹ̀ nìkan wá.

Níbo ni irú wọn ti wá? St Finbarr's College ní Èkó ni Nwosu lọ, ibẹ̀ náà ni Stephen Keshi lọ, ẹni tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ tó gba ife Áfíríkà ní 1994, tó sì tún gbà á ní 2013 gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Àlùfáà ará Ireland kan, Denis Slattery, ló dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1956, òun fúnra rẹ̀ sì máa ń fọn fèrè lórí pápá gẹ́gẹ́ bí adájọ́ bọ́ọ̀lù. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Èkó ní ife-ẹ̀yẹ tiwọn tí wọ́n ń pè ní Principals' Cup, ife àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: ife àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, kì í ṣe ife aṣòfin, kì í ṣe ife olùdíje. Ọdẹ́gbàmí pàápàá, nígbà tó dàgbà, ilé-ẹ̀kọ́ ló lọ dá sílẹ̀, ní Wasimi ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí ọmọ ti ń ka ìwé, tó sì ń ṣe eré ìdárayá. Wasimi kì í ṣe ìlú ńlá. Bí a bá fi wé Bassila, kò sí ohun tí Wasimi ní tí Bassila kò lè ní.

Bí ẹnìkan bá ní ti Nàìjíríà yàtọ̀ nítorí pé wọ́n pọ̀, kó wo Bùràsílì. Sócrates tó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ Bùràsílì ní ife àgbáyé 1982 jẹ́ dókítà oníṣègùn. Ìlú Ribeirão Preto, tó jìnnà sí etí òkun, ló ti kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹgbẹ́ ìlú náà, Botafogo, ló sì ń gbá bọ́ọ̀lù fún ní gbogbo àkókò tó fi wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Ìgbà tó gba oyè rẹ̀ tán ló tó lọ sí ẹgbẹ́ ńlá Corinthians ní 1978. Ìlú rẹ̀ dúró dè é títí ó fi parí ẹ̀kọ́. Àwa ni kì í lè dúró títí ọmọ fi ṣe BEPC.

Ìlú àti yunifásítì ló wà nínú ìtàn Sócrates, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Títí di ọdún 2001, yunifásítì ìjọba kan ṣoṣo ni orílẹ̀-èdè wa ní, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970 ní Abomey-Calavi. Ní 2001 ni ti Parakou dé. Fún ọmọ Bassila àti Manigri, ìyẹn jẹ́ ohun ńlá: ó lè gòkè lọ sí Djougou, kó yà sí ìlà-oòrùn, kó sì kẹ́kọ̀ọ́ láì dé etí òkun. Ṣùgbọ́n ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Manigri tó wà ní Parakou pé ta ni balógun ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í ta ló gba bọ́ọ̀lù wọlé fún Real Madrid ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ó rí èyí tí yóò dáhùn kíákíá. Ẹ̀bi náà kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní CEG, kò sí ẹni tó kọ́ ọ pé ilé-ẹ̀kọ́ ẹni lè jẹ́ ohun tí à ń kígbe fún.

Àwọn ará Nàìjíríà ti ń bá a bọ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ní 1966 ni wọ́n ṣe ìdíje NUGA àkọ́kọ́ láàárín àwọn yunifásítì wọn, ní Ìbàdàn. Ní 2018 ni líìgì bọ́ọ̀lù àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga, HiFL, tún bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó rò pé Èkó tàbí Ìbàdàn ni yóò gba ife rẹ̀ ṣìnà: yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Makurdi ló gbà á ní 2018, òun náà ló sì tún gbà á ní 2019. «Tillers» ni wọ́n ń pe ara wọn, àwọn tó ń ro ilẹ̀. Inú wa dùn sí orúkọ yẹn. Ó yẹ kó dùn mọ́ Kétu pẹ̀lú, ìlú Yorùbá tí wọ́n fi yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ sí ní 2013. Ọdún yẹn náà ni àwọn ìlú mìíràn gba yunifásítì tiwọn. Nígbà tó di 2016, ìjọba kó wọn jọ, gbogbo yunifásítì ìjọba sì di mẹ́rin. A kò fẹ́ jà lórí bóyá ohun tó tọ́ ni wọ́n ṣe. Ohun tí a mọ̀ ni pé ìlú tí wọ́n fún ní yunifásítì lónìí, tí wọ́n yí orúkọ àti ibùjókòó rẹ̀ padà lọ́túnla, kò lè ní orin kan tí ọmọ máa bá lẹ́nu bàbá rẹ̀. Àṣà ń fẹ́ ibi tí kò yẹ̀.

Kí a fi ọ̀wọ̀ wọ ìjọba ní ibi tó yẹ. Àwọn kíláàsì eré ìdárayá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún bíi mélòó kan sẹ́yìn, tí wọ́n sì tàn ká kọmúùnù mẹ́tàdínlọ́gọ́rin (77) tí a ní, jẹ́ ohun tó dára jù tí a ti rí láti ìgbà tí a ti ń kọ́ni. Ó gbà pé ọmọ lè ka ìwé kó sì gbá bọ́ọ̀lù, ní abẹ́ òrùlé kan náà. Ṣùgbọ́n kíláàsì kan kò lè gba gbogbo ọmọ. Àwọn tí wọn kò yàn sí i ńkọ́? Àwọn ni aṣojú ìdí igi ń wá. Ọmọ tí wọ́n yàn pàápàá yóò ṣe BAC lọ́jọ́ kan. Bí kò bá sí yunifásítì tó ń retí rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀nà náà já sí igbó nìyẹn.

Nítorí náà, ohun tí a ń béèrè kò ṣòro láti yé ènìyàn. Kí owó tí ẹgbẹ́ wa máa ń dá fún ife oṣù kẹjọ di ti ilé-ẹ̀kọ́: bọ́ọ̀lù, bàtà, owó ọkọ̀ láti lọ kojú CEG mìíràn ní ọjọ́ Sátidé láàárín ọdún ẹ̀kọ́, oògùn fún ẹsẹ̀ tó rọ́, àti ẹgbẹ́ àwọn ọmọbìnrin tí wọn kò ní máa gbá bọ́ọ̀lù ní ọ̀sán gangan mọ́. Kí á jọ lọ bá ilé kọmúùnù pé kí wọ́n fi ìwé dáàbò bo pápá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́, nítorí nígbà tí wọ́n bá ń wọn ilẹ̀ fún ilé kíkọ́, pápá ni ojú máa ń kọ́kọ́ lọ sí; ó tẹ́jú, kò sí igi níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń sùn sí i. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa tó wà ní Parakou dá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ abúlé sí abúlé tí ẹ ń gbá níbẹ̀ dúró fún ọdún kan, kí ẹ sì lọ wo ti yunifásítì yín. Bí ẹ kò bá bá èrò níbẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ di èrò.

Ìdíje oṣù kẹjọ kò ní kú nítorí èyí. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ife kalẹ̀ láti inú àpò ara rẹ̀, kò sí ẹni tó dí i lọ́wọ́. Owó ẹgbẹ́ ni à ń sọ, owó tí ìyá aláta ní Manigri àti òṣìṣẹ́ ní Kútọnu jọ dá, tí wọ́n rò pé nítorí àwọn ọmọ ni. A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní àwa olùkọ́ fẹ́ gba owó náà sí ọwọ́ ara wa. Kí wọ́n yan akápò láàárín àwọn òbí. Kí wọ́n lẹ ìṣirò náà mọ́ ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ ní Yorùbá àti ní Faransé, bí a ti ń tẹ ìwé ìròyìn yìí, kí ẹni tí kò gbọ́ ọ̀kan lè ka èkejì.

Ìpàdé gbogbogbòò ẹgbẹ́ yóò wáyé kí ilé-ẹ̀kọ́ tó wọlé. A ó mú àbá yìí wá síbẹ̀ lórí ìwé, a ó sì fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá ní èsì, kí òun náà kọ ọ́ sílẹ̀ kó mú un wá.